Ọkọ̀ ń kọ ìwà awakọ̀ sílẹ̀: ta ló ń kà á, kí la sì lè ṣe sí i?

Àrẹ̀mọ Houston (Texas), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ àti nípa òfin bá mi dá sí. Nígbà tí àsìkò tó láti tún owó adójútòfò ọkọ̀ mi san, iye tí wọ́n bù fún mi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní ìjàmbá kankan, ọlọ́pàá kò sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Mo pe aṣojú wọn lórí fóònù. Obìnrin náà kọ́kọ́ ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kí ó tó wá sọ pé ohun kan wà nínú àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń wakọ̀ tó mú kí wọ́n kà mí mọ́ àwọn awakọ̀ eléwu. Àkọsílẹ̀ wo? Ó ní kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ènìyàn jọ fún àwọn adójútòfò.

Mo kọ̀wé, wọ́n sì fèsì. Ojú ìwé lórí ojú ìwé ni, ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: aago tí mo tan ọkọ̀, aago tí mo pa á, iye máìlì tí mo rìn, iye ìgbà tí mo tẹ bíréèkì lójijì, iye ìgbà tí eré ọkọ̀ ré sókè lójijì, àti bí mo ṣe pẹ́ tó lórí eré àsápajúdé. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 4:52 ìdájí tó sì parí ní aago 5:31, bíréèkì òjijì méjì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀nà ilé ni mo wà nígbà yẹn. Orúkọ àdúgbò tàbí òpópónà kankan kò sí nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ara balẹ̀ ka àwọn aago wọ̀nyẹn yóò mọ ìgbà tí ilé mi máa ń ṣófo.

Adójútòfò kò fún mi ní ẹ̀rọ kankan pé kí n fi sínú ọkọ̀, n kò sì rántí pé ẹnikẹ́ni bi mí bóyá mo fẹ́. Ta ló gbé e fún wọn? Ǹjẹ́ mo lè dá a dúró? Àbí kí n yọ àpótí dúdú tí wọ́n ní ó wà nínú ọkọ̀ kúrò?

Bàbá Ṣeun (Maryland), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:41 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àrẹ̀mọ. Àpótí dúdú náà ni, kò sí ẹlòmíràn. Gbogbo ọkọ̀ ìgbàlódé ló ní in bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní in. Ó ń kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ wá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, kí ó yọ ọ́ dànù. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Túndé Atúnkọ̀ṣe (Atlanta), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:25 alẹ́

Bàbá Ṣeun, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn o. Ọkọ̀ tó ti kọlu nǹkan ni mò ń tún ṣe, mo sì máa ń fọwọ́ kan àpótí tí ẹ ń wí yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín ìjókòó iwájú méjèèjì ni wọ́n máa ń dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ gírígírí, nítorí pé òun gan-an ni kọ̀ǹpútà tó ń pinnu ìgbà tí àpò afẹ́fẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní airbag, yóò tú. Ẹni tó yọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ airbag rẹ̀ nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti September 2012 sọ pé, bí ọkọ̀ kan bá ní àpótí yìí, ó gbọ́dọ̀ lè sọ eré tí ọkọ̀ ń sá, bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì, bí ó ṣe tẹ epo sí i tó, àti bóyá ó de bẹ́líìtì. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ṣáájú ìkọlù péré sì ni àkọsílẹ̀ eré àti bíréèkì náà kó mọ́ra. Ní December 2024, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, gbé òfin mìíràn jáde pé kí ó di ogún ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọkọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ wa ni òfin tuntun yẹn ń bá wí. Àpótí náà kì í gba ohùn sílẹ̀, kò sì ní síìmù tí yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Tuntun ló ń pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú rẹ̀, àfi bí airbag bá tú, nígbà náà ni yóò há ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí kò ní í ṣe é pa rẹ́ mọ́. Bí a bá fẹ́ kà á, a ní láti wá síbi tí ọkọ̀ wà, ká ki okùn wa bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì, tàbí ká so ó mọ́ àpótí náà gan-an.

Ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí ẹni tó gbà á ní líìsì, ló ni àkọsílẹ̀ náà. Òfin Driver Privacy Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015 ló sọ bẹ́ẹ̀: ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kà á láìgba àṣẹ lẹ́nu olówó ọkọ̀, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí fún ìdí mélòó kan bí ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́yìn ìjàmbá àti ìwádìí lórí ààbò ọkọ̀.

Nítorí náà, àpótí yìí kọ́ ló rojọ́ Àrẹ̀mọ. Ẹ̀rọ mìíràn wà, pátákó kékeré kan tó ní síìmù àti éríà tirẹ̀, tó sábà máa ń wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ni áàpù orí fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá tan ọkọ̀ láti inú ilé lásìkò òtútù. Òun náà ló ń gbé aago, máìlì àti bíréèkì lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Àrẹ̀mọ, ẹ tún ìwé yẹn wò, ibì kan yóò wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kó ìsọfúnni náà wá sí.

Bàbá Ṣeun (Maryland), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:50 alẹ́

Mo gbọ́ tìẹ, Túndé, má yọ ọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n má fi í ṣe ọ̀rẹ́ awakọ̀ fún wa. Aládùúgbò mi kan kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ́nà Baltimore, ó búra pé òun ò sáré rárá, àpótí yẹn ló tú àṣírí rẹ̀ níwájú adájọ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré náà ló lò.

Agbẹjọ́rò Fọlákẹ́ (New Jersey), Ọjọ́ Àìkú, aago 3:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi o. Bàbá Ṣeun, àpótí kan náà ló ti gba àwọn tí kò jẹ̀bi sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọlù wọ́n ń parọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Ti Àrẹ̀mọ ni kí a mójú tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ti dé etí ìjọba. Ní March 2024 ni ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, ń kó àkọsílẹ̀ bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń wakọ̀ jọ nípasẹ̀ OnStar, ètò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ wọn, pàápàá lábẹ́ ètò kan tó ń jẹ́ Smart Driver, àkọsílẹ̀ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ LexisNexis àti Verisk, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìsọfúnni nípa ènìyàn jọ, níbi tí àwọn adójútòfò ti ń rà á. Nínú oṣù kan náà ni General Motors sọ pé àwọn ti dá a dúró. Ní August 2024, Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Texas pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tó di January 2025, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, kéde àṣẹ kan pé fún ọdún márùn-ún, General Motors kò gbọdọ̀ fún irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ibi tí ọkọ̀ wà tàbí ti ìwà awakọ̀. FTC ní nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gba ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀. Kí ènìyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ti ròyìn rẹ̀. N kò sọ pé àwọn ni wọ́n ṣe ọkọ̀ Àrẹ̀mọ o; kò sọ fún wa, kò sì pọn dandan kí ó sọ.

Bí ìfọwọ́sí náà ṣe máa ń wáyé rèé. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ gbé ọkọ̀, tí inú yín ń dùn, tí ọmọdé ti jókòó sẹ́yìn tó ń ké pé kí ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín yóò gbé tablet síwájú yín, yóò ní kí ẹ máa tẹ "mo gbà" títí yóò fi parí. Ìwé gígùn ló wà lẹ́yìn "mo gbà" kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kì í kà á lórí ìdúró. FTC fi ẹ̀sùn kàn pé ọ̀nà tí wọ́n gbà forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ̀tọ́ tí Àrẹ̀mọ ní nìyí. Òfin Fair Credit Reporting Act, tó ń de àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìsọfúnni nípa ènìyàn jọ, fún un láṣẹ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjìlá, ó sì ti ṣe ìyẹn. Òfin kan náà ní, bí adójútòfò bá tìtorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi owó kún owó ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ fi tó o létí, kí ó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ìwé náà. Wọn kò gbọdọ̀ dúró kí ẹ tó máa fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu aṣojú. Ó tún lè jiyàn ohun tí kò bá tọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Texas ní òfin àṣírí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2024: ẹ lè kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín pé kí ó fi gbogbo ohun tó ní nípa yín hàn yín, kí ó pa á rẹ́, kí ó má sì tà á mọ́. Ọjọ́ márùnlélógójì ni òfin fún un láti fèsì.

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Túndé ṣe díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọkọ̀ máa ń jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní January 2025, Texas kan náà pe adójútòfò Allstate àti ilé-iṣẹ́ Arity tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní wọ́n fi ètò kan pamọ́ sínú àwọn áàpù fóònù, bíi Life360 tí àwọn òbí fi ń mọ ibi tí ọmọ wọn wà, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ mọ bí ẹni tó gbé fóònù dání ṣe ń wakọ̀. Ẹ̀sùn ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ti ọkọ̀ tí kò wo fóònù rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Àrẹ̀mọ Houston (Texas), Ọjọ́ Àìkú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti tún ìwé náà wò, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló wà níbi tí Túndé ní kí n wò. Mo wá inú áàpù wọn, mo rí ètò "ìmọ̀ràn fún awakọ̀" kan tó wà ní títàn, mo ti pa á.

Ìyá Dàmọ́lá (Peckham, London), Ọjọ́ Àìkú, aago 7:12 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi, èmi kò rí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin gba láísẹ́ǹsì, iye inṣọ́ránsì tí wọ́n ń dárúkọ fún un tó láti ra ọkọ̀ mìíràn. Èyí tí agbára wa ká ni ti àpótí: wọ́n wá fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo eré tó ń sá, bó ṣe ń yà kọ́nà, àti aago tó fi ń jáde. Bó bá wakọ̀ jẹ́jẹ́, owó ń dínkù. Bó bá jáde lóru pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, máàkì rẹ̀ ń já wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì rí i lórí fóònù. Àpótí yẹn ṣe ohun tí ẹnu èmi ìyá rẹ̀ kò lè ṣe. Ó ń padà sílé lásìkò. Àwa tí a sanwó fún ọkọ̀ ọmọ ń fẹ́ kí ẹnì kan máa wò ó.

Ọláitan (Hamburg), Ọjọ́ Àìkú, aago 9:48 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ṣùgbọ́n ti yín àti ti Àrẹ̀mọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ mọ̀ pé àpótí wà níbẹ̀, ẹ mọ ẹni tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí ẹ rí gbà dípò rẹ̀, ọmọ yín sì ń rí máàkì tirẹ̀. Ẹ tún lè kọ̀wé sí wọn lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi gbogbo àkọsílẹ̀ náà hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fèsì láàárín oṣù kan. Ẹyin adìẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín tà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kó lọ nínú àgò yín.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju títà lọ ni ìtọ́jú. Àwa tí a wà ní Yúróòpù máa ń yangàn pé òfin wa le, ó sì le lóòótọ́. Àpótí ìjàmbá tí Túndé sọ ti di dandan nínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níhìn-ín láti July 2024, òfin sì ní kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ní kíkún débi tí wọn yóò fi mọ ẹni tó ni ín. Síbẹ̀, ní December 2024, Chaos Computer Club, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Jámánì, àti ìwé ìròyìn Der Spiegel fi hàn pé àkọsílẹ̀ nǹkan bí 800,000 ọkọ̀ oníná mànàmáná ilé-iṣẹ́ Volkswagen, Audi, Seat àti Skoda wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí kọ́kọ́rọ́ tó yẹ lẹ́nu rẹ̀. Cariad, ẹ̀ka Volkswagen tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló kó o síbẹ̀. Nínú wọn, nǹkan bí 460,000 ni ibi tí ọkọ̀ ti dúró wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, ti Volkswagen àti Seat sì péye dé bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá Hamburg níbí wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá lè mọ ibi tí ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ sí, èmi ta ni?

Kò sí ẹni burúkú kan tó ta ìyẹn o. Wọ́n kàn kó o jọ, wọn kò pa á rẹ́ lásìkò, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn pààrọ̀ tiyín kí ẹ bọ́: ní September 2023, àjọ Mozilla yẹ ìlànà àṣírí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ 25 wò, kò sí ọ̀kan tó yege.

Tìnúkẹ́ (Chicago), Ọjọ́ Ajé, aago 6:40 àárọ̀

Adójútòfò àti ilé-iṣẹ́ ni gbogbo yín ń sọ. Ẹni tó wà nínú ilé ni èmi fẹ́ sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nítorí pé ó ń lù ú. Ó pa fóònù àtijọ́ tì, ó ra tuntun, kò sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ṣì ń mọ ibi tó ń lọ, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé "o ti dé ọjà báyìí." Áàpù ọkọ̀ ni. Orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n fi ra ọkọ̀, òun ni áàpù mọ̀ sí olówó rẹ̀. Ó ń rí ibi tí ọkọ̀ wà, ó lè fun fèrè rẹ̀, ó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi pe ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n gé e kúrò, wọ́n ní kí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá wà nínú irú èyí, kí ó má ṣe sáré lọ pa ohun gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ní kété tí ọkọ̀ bá dàwátì lójú áàpù, ọkùnrin náà yóò mọ̀ pé obìnrin náà ti rí àṣírí òun, inú rẹ̀ lè ru. Àwọn tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ nínú ìwà ipá inú ilé ni kí ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, láti orí fóònù tí ọkùnrin náà kò mọ̀, kí wọ́n jọ gbèrò ọjọ́ àti ọ̀nà. Kí ó ya àwòrán gbogbo ohun tó bá rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pamọ́ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, nítorí ilé-ẹjọ́.

Ṣẹ́gun D. (Dallas), Ọjọ́ Ajé, aago 12:15 ọ̀sán

Èmi kò ní sùúrù fún lẹ́tà àti áàpù. Mo ṣí ilé fíúsì, mo wá èyí tó ń fún pátákó onísíìmù yẹn ní iná, mo fà á yọ. Ọkọ̀ ń rìn bó ṣe ń rìn, ẹnu rẹ̀ sì ti pa. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa tẹ "n kò gbà" nínú áàpù ń fi àkókò yín ṣòfò, nítorí ẹ kò lè rí i bóyá ó pa á lóòótọ́.

Túndé Atúnkọ̀ṣe (Atlanta), Ọjọ́ Ajé, aago 8:02 alẹ́

Ṣẹ́gun, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín nípa áàpù: bọ́tìnnì tí ilé-iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ la fi ń gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn tó ṣe bíi tiyín, kí ó mọ ohun tó ń bá fíúsì yẹn lọ. Bọ́tìnnì SOS tó ń pe àwọn agbanilà nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, makirofóònù tí ẹ fi ń gba ìpè ń gba inú ẹ̀rọ kan náà kọjá, ẹ óò máa sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹ pè kò ní í gbọ́. Àwọn mìíràn ní fíúsì kan tó ń bọ́ nǹkan mẹ́ta-mẹ́rin, bí ẹ bá fà á, rédíò pẹ̀lú yóò kú. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, ẹ wo ohun tí ìwé yín sọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbàgbé pé fíúsì kò pa ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ rẹ́. Lẹ́tà Agbẹjọ́rò Fọlákẹ́ nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Àwọn ará Yúróòpù, ìpè pàjáwìrì tiyín, eCall, tó ti di dandan fún irú ọkọ̀ tuntun láti ìparí March 2018, kì í tọpa ọkọ̀ kiri. Ó ń sùn ni títí ìkọlù yóò fi ṣẹlẹ̀ tàbí títí ẹnì kan yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ìbẹ̀rù ọ̀kan pa èkejì.

Àrẹ̀mọ Houston (Texas), Ọjọ́ Ajé, aago 9:20 alẹ́

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ mi obìnrin máa ń wa ọkọ̀ náà lọ sí yunifásítì. Mo rí àwọn ìrìnàjò kan nínú ìwé náà tí kò lè jẹ́ tèmi. Ṣé wọ́n lè fi ti ọmọ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí bàbá lọ́rùn?

Agbẹjọ́rò Fọlákẹ́ (New Jersey), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:55 àárọ̀

Wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè mú wọn dáadáa. Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó jókòó sídìí sítíárì, ọkọ̀ ló mọ̀. Orúkọ tó wà lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ fàlà sí àwọn ìlà tí kì í ṣe tiyín, ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn pé ibòmíràn ni ẹ wà ní aago yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àríyànjiyàn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀. Lábẹ́ òfin, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní láti wádìí rẹ̀. Ohun tí wọn kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́. Bíréèkì òjijì fúnra rẹ̀ tún ṣe é jiyàn níwájú adójútòfò, nítorí ìwé náà kì í sọ ìdí: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà pa ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó ń wo fóònù, ìlà kan náà ni wọ́n.

Kọ́lá Sùúrùlérè (Èkó), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ó kàn wá níbí náà, nítorí ọkọ̀ yín àná ni tòkunbọ̀ wa òní. Mo ra ọ̀kan, nígbà tí mo so fóònù mi mọ́ ọn, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí ó lo ìwé fóònù "Mom's iPhone". Mo tẹ ibi tí a ń pè ní "Home" lórí máàpù rẹ̀, ó gbé àdírẹ́sì ilé kan kalẹ̀ fún mi ní New Jersey, nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. Orúkọ àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, dókítà eyín, ilé ìwé ọmọ. Obìnrin tí n kò mọ̀ rí ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ náà ti pààrọ̀ ọwọ́ kí ó tó kàn mí.

Ti ilé wa níbí yàtọ̀ díẹ̀. Àwa fúnra wa là ń sanwó kí wọ́n fi tracker sínú ọkọ̀ nítorí olè, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ fún awakọ̀ ní háyà pọ́ṣéèsì sì ń fi í pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn bí owó ọ̀sẹ̀ kò bá wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bi ilé-iṣẹ́ tracker bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n fi ń tọ́jú ibi tí ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún oníbàárà láṣẹ láti béèrè. Túndé, ẹ bá mi dáhùn èyí: ṣé síìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà nínú tòkunbọ̀ mi ṣì lè máa ròyìn mi fún wọn?

Túndé Atúnkọ̀ṣe (Atlanta), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:44 alẹ́

Bí owó orí síìmù náà kò bá sí mọ́, tí wọn kò sì ṣètò rẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà, kò ní ẹni tó máa ròyìn fún. Ti ọkọ̀ àtijọ́ tún rọrùn jù: ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G rẹ̀ ní February 2022, ọ̀pọ̀ pátákó onísíìmù tó gbára lé e ti dákẹ́ láti ìgbà náà, àní níhìn-ín. Ìrántí ọkọ̀ ni kí ẹ mójú tó, ẹ sì ti ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà, ẹ gbọ́ èyí. Kì í ṣe kí ẹ kàn pa fóònù yín rẹ́ kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ wọ ibi ètò ọkọ̀, ẹ dá a padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, kí nọ́ńbà, máàpù àti kọ́kọ́rọ́ géètì tó wà nínú rẹ̀ lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú áàpù, ẹ yọ ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ orúkọ yín, nítorí dídá ọkọ̀ padà sí ti ilé-iṣẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà gé áàpù kúrò. Mo ti rí oníbàárà kan tó ta ọkọ̀ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tó ṣì ń rí i lórí fóònù níbi tí olówó tuntun gbé e sí níwájú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ rà á, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà lórí rẹ̀.